Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tín-ín-rín: Ohun Tó Ń Yí Padà Nínú Jíjẹun àti Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Yí Padà

Bí ẹnì kan bá gba abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tín-ín-rín, ìmọ̀ràn tí yóò máa gbọ́ lórí oúnjẹ kì í bára mu. Ẹnì kan á ní kó má fẹnu kan ohun tó le fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹlòmíràn á ní kó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù kí oògùn lè tètè wọlé. Ẹni kẹta á ní ó parí, kò ní lè fọ́ eegun lẹ́nu mọ́ láéláé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ọ̀rá ni abẹ́rẹ́ náà ń yọ́, pé kò kan ọ̀rọ̀ jíjẹun rárá.

Ibì kan náà ni gbogbo àṣìmọ̀ yìí ti ń wá: ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ibi tí abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀. Iṣan tí a fi ń rún oúnjẹ gan-an ni wọ́n ń gún un sí. Wọ́n ń dín agbára iṣan náà kù kó lè fọn, bó bá sì fọn, ojú á tín-ín-rín. Nítorí náà, bí ẹnu bá ń tètè rẹ ènìyàn nídìí ẹran fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ oògùn náà ló ń jẹ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni rírún oúnjẹ, ọ̀tọ̀ ni gbígbé e mì. Ẹni tó bá mọ ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì yóò mọ ìgbà tó yẹ kó fọkàn balẹ̀, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó sáré lọ sí ọsíbítù. Ààlà yẹn ni àròkọ yìí fẹ́ fi hàn.

Iṣan tí a fi ń jẹun

Ẹ fi ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín méjèèjì ní ìsàlẹ̀ etí, níbi tí eegun àgbọ̀n ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ẹ wá pa eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra gírígírí. Ohun tó ta kókó lábẹ́ ìka yín yẹn ni iṣan tí àwọn dókítà ń pè ní masseter. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Eegun tó yọ sókè lábẹ́ ojú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé igun àgbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi agbára gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sókè, kí eyín lè fọ́ ohun tó wà lẹ́nu.

Kò dá nìkan ṣe iṣẹ́ náà. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, iṣan mẹ́ta ló ń pa ẹnu dé. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àkọ́kọ́. Èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀bátí, òun ló máa ń mì lábẹ́ awọ níbẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹun. Ẹ̀kẹta fara pamọ́ sí ìhà inú àgbọ̀n. Ẹ̀kẹrin kan tún wà, ṣùgbọ́n ti ẹnu lílà àti ti sísún àgbọ̀n síwájú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ènìyàn mẹ́ta tó dúró yí odó kan ká, tí wọ́n ń gún iyán. Bí ọwọ́ ẹnì kan nínú wọn bá rọ, iyán náà á ṣì kúnná. Ṣùgbọ́n á pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àárẹ̀ á sì tètè mú àwọn méjì tó kù. Bí ẹnu ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yìí ṣe ń rí nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ni wọ́n rọ lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ẹni náà fi lè jẹun, tó sì tún jẹ́ pé ẹran tó yi lè sú u kó tó jẹ ẹ́ tán.

Ètè, ahọ́n àti ọ̀fun ní iṣan tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn ló ń kó oúnjẹ jọ, tí wọ́n ń tì í sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń gbé e mì. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sí lára àwọn tó ń gbé oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun. Kí a fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Iṣan a máa tóbi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀. Ẹni tó ń payínkeke lójú oorun, ẹni tó ń fún eyín mọ́ra nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tàbí ẹni tí ohun líle kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè ki pọ́pọ́, kí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1880 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Legg ti kọ̀wé nípa ọmọdébìnrin kan tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí oògùn náà ti ṣẹ̀ wá

Orúkọ oògùn náà ni botulinum toxin. Botox tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn jẹ́ orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan lára àwọn tó ń ṣe é. Dysport àti Xeomin náà wà, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ South Korea ń ṣe tirẹ̀. Májèlé ni ní ìpìlẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum ló ń mú un jáde.

Ní nǹkan bí ọdún 1820, ní Württemberg tó wà ní Jámánì òde òní, dókítà Justinus Kerner ń tọpa àìsàn kan tó ń pa àwọn tó bá jẹ sọ́sééjì tó ti bàjẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìpéǹpéjú wọn ṣe ń wálẹ̀, bí oúnjẹ ṣe ń há wọn lọ́fun, àti bí ara wọn ṣe ń rọ títí èémí fi ń kúrú. Ó tún sọ ohun kan tó jọni lójú: pé bí ìwọ̀n májèlé náà bá kéré púpọ̀, ó lè di ohun ìtọ́jú. Ní December 1895, àwọn olórin tó lọ ṣeré níbi ìsìnkú kan ní abúlé Ellezelles ní Belgium jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni mẹ́ta sì kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Émile van Ermengem yẹ ẹran náà wò, ó rí kòkòrò tó fà á, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1897.

Ó tó ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìgbà náà kí ọ̀rọ̀ Kerner tó ṣẹ. Ní San Francisco, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Alan Scott bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwọ̀n bíńtín nínú májèlé náà fún àwọn tí ojú wọn méjèèjì kì í wo ọ̀kánkán kan náà. Ó ń rọ iṣan tó ń fa ojú sí ẹ̀gbẹ́. Àjọ FDA tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú ojú ní 1989. Ní Vancouver ní Canada, Jean Carruthers tó jẹ́ dókítà ojú àti ọkọ rẹ̀ Alastair tó jẹ́ dókítà awọ ara ṣàkíyèsí pé ìlà tó wà níwájú orí láàárín ojú méjèèjì àwọn aláìsàn ń pòórá. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1992. Ọdún 2002 ni FDA fọwọ́ sí i fún ìlà náà. Ìwé àṣẹ yẹn kò dárúkọ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìmọ̀ ara wọn ni àwọn dókítà fi gbé e lọ síbẹ̀.

Ní 1994 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ̀wé pé àwọn ti fún iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tóbi ní abẹ́rẹ́ yìí, ó sì fọn. South Korea ló wá sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́. Ojú tó fẹ̀ lókè tó sì ṣóńṣó nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ níbẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ yìí tó dé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gé eegun àgbọ̀n, èyí tó la oorun ọsíbítù àti ìrora púpọ̀ lọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wá dé, àwọn ilé ìwòsàn ẹwà ní àdúgbò Gangnam ní Seoul gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Láti 2006 tí ilé iṣẹ́ Medytox ti gbé Meditoxin jáde nílé, kò pọn dandan kí wọ́n máa dúró de ti ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Láti Asia ni àṣà náà ti tàn dé London, Houston àti Èkó, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá náà ti ń béèrè nípa rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí a bá fẹ́ rún oúnjẹ, ọpọlọ a fi àṣẹ ránṣẹ́ gba inú fọ́nrán tín-ín-rín kan dé ibi tí iṣan wà. Ní orí fọ́nrán náà, èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine a tú sára iṣan, iṣan a sì sún kì. Oògùn yìí a wọ inú orí fọ́nrán náà, a sì gé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní SNAP-25. Bí a bá ti gé e, acetylcholine kò ní rí ọ̀nà jáde. Kò sí ohun tó ṣe iṣan fúnra rẹ̀. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Iṣan tí kò gba àṣẹ kò ní ṣiṣẹ́, èyí tí kò bá sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti fi símẹ́ńtì di ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí eegun tó ṣẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u. Oògùn náà kò yọ́ ọ̀rá, kò sì gé eegun. Bí ìgbà ṣe ń lọ, ara á tún orí fọ́nrán náà ṣe, àṣẹ á tún máa dé, iṣan á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi wà títí láé.

Kí dókítà tó gún un, á ní kí ẹni náà fún eyín mọ́ra kí iṣan lè yọ. Á fojú fa ìlà kan láti etí dé igun ẹnu, ìsàlẹ̀ ìlà náà ni yóò sì gún, kó má bàa bá iṣan tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ní ti Botox jẹ́ nǹkan bí yúnìtì 20 sí 40 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Yúnìtì Botox kò bá ti Dysport dọ́gba, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi iye ti ọ̀kan wọn èkejì.

Bí jíjẹun ṣe ń rí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀

Lọ́jọ́ tí ènìyàn gbà á, kò sí ohun tó yí padà lẹ́nu. Ojú abẹ́rẹ́ lè wú díẹ̀, ó sì lè dun ènìyàn bó bá la ẹnu gbàgà. Kò sí ìdí láti fi ebi pa ara ẹni. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń sọ ni pé kí ènìyàn má fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kó má dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kó sì fi eré ìdárayá tó le sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹrìnlá, agbára á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ títí wọ́n á fi pàdé ohun tó yi. Wọ́n á rí i pé ẹnu ń rẹ àwọn láàárín oúnjẹ, pé àwọn ní láti sinmi díẹ̀ kí àwọn tó tún jẹ òmíràn. Ẹ̀bátí lè máa fa ènìyàn, nítorí iṣan tó wà níbẹ̀ ti gba apá kan iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin ni agbára máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ìgbà yìí náà ni ohun kan lè dẹ́rù ba ẹni tí wọn ò sọ fún: bó bá ń jẹun, kókó kan lè máa yọ gbọ̀ngbọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́, bó bá sì sinmi, a pòórá. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìpele ju ọ̀kan lọ. Bí oògùn bá dé apá kan tí kò dé apá kejì, apá tí kò rọ á máa fi agbára ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì ṣe pé oògùn bàjẹ́. Dókítà lè fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un ní ojú ibẹ̀, tàbí kó jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ ni ojú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín tó fi hàn gbangba. Ó ṣe pàtàkì kí a kíyè sí i pé ẹnu á ti máa rẹ ènìyàn kí ẹwà tó yọjú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú ní ọ̀sẹ̀ kejì pé àwọn ò lè jẹ ẹran dáadáa, ojú àwọn ò sì tíì yí padà. Bí iṣẹ́ náà ṣe tò nìyẹn: iṣan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ kó tó lè fọn.

Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, agbára eyín á ti padà dé tòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí ojú ṣì tín-ín-rín síbẹ̀. Agbára a máa yá padà ju títóbi lọ. Àwọn iṣan yòókù ti kọ́ láti ran ẹnu lọ́wọ́, fọ́nrán náà sì ti ń gbé àṣẹ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan tó ti fọn ní láti tún ara rẹ̀ kọ́. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ìrísí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, àkókò tí jíjẹun fi ń nira kúrú gan-an sí àkókò tí ojú fi ń tín-ín-rín.

Ohun tó yẹ ní jíjẹ

Ní Seoul, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń kìlọ̀ lé lórí jù ni ṣingọ́ọ̀mù àti squid gbígbẹ, ẹran inú òkun kan tó jẹ́ ìpápánu tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, tó sì máa ń pẹ́ lẹ́nu. Ìdí méjì ni wọ́n fi ń kìlọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé iṣan tó rọ á tètè rẹ̀. Ìkejì ni pé bí ènìyàn bá sọ ẹnu di ẹ̀rọ tí kì í sinmi, iṣan náà á tún máa rí iṣẹ́ tó lè mú un tóbi padà nígbà tí oògùn bá ń lọ. Ẹni tí jíjẹ ohun líle ló sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di fífẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní pẹ́ padà síbi tó ti ń bọ̀ bí kò bá yí ìṣe padà.

Ní ti oúnjẹ tiwa, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín kì í béèrè agbára ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òkèlè tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé a kì í rún un rárá. Ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ni wàhálà: ẹran ewúrẹ́, ṣàkì, pọ̀nmọ́ tí kò rọ̀, adìyẹ ìbílẹ̀, àti eegun tí àwọn kan máa ń fọ́ títí wọ́n á fi mu mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Nínú ìpápánu, àgbàdo sísun, kókóró, kúlíkúlì, àgbọn, obì àti ìrèké tí a fi eyín bó ló máa ń fìyà jẹ ẹnu jù.

Kì í ṣe èèwọ̀ ni a sọ ọ́ dà. Fún oṣù kìíní sí ìkejì, ó dára kí ènìyàn se ẹran pẹ́ títí yóò fi rọ̀, kó gé e wẹ́wẹ́, kó sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà lè rọ́pò ẹran tó yi, kí ara má bàa ṣaláìní èròjà tí ń mú un lágbára. Kí ènìyàn máa lo ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì, nítorí bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè máà dọ́gba. Bí ẹnu bá rẹ̀, kó dá oúnjẹ náà dúró, kó sinmi. Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kó gbé ẹran tí kò rún kúnná mì nítorí pé ó ti sú u. Ẹran ńlá lè há sí ọ̀fun ẹnikẹ́ni, ì báà gba abẹ́rẹ́, ì báà má gbà á.

Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí eyín àtọwọ́dá wà lẹ́nu rẹ̀, ní ìdí láti rò ó dáadáa, nítorí agbára tí ó fi ń jẹun ti dín kù kí oògùn tó dé.

Èrò tó wọ́pọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀

Wọ́n ní jíjẹ nǹkan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ á ti oògùn jáde. Oògùn náà kì í dúró sínú ẹran ara títí. Orí fọ́nrán a gbà á wọlé láàárín wákàtí díẹ̀. Jíjẹ ìrẹsì lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè lé e jáde.

Wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rá ló mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi, tàbí eegun rẹ̀ ló fẹ̀, tàbí ẹṣẹ́ itọ́ rẹ̀ ló wú, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú abẹ́rẹ́ yìí. Yóò kàn fi agbára ìjẹun rẹ̀ ṣòfò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà tó mọṣẹ́ á fọwọ́ kan iṣan náà nígbà tí aláìsàn bá fún eyín mọ́ra, kó tó sọ pé ó yẹ tàbí kò yẹ.

Wọ́n ní eyín á máa mì. Oògùn náà kò kan eyín tàbí èrìgì. Ohun tó kan eegun ni pé nínú ìwádìí tí wọ́n fi ehoro ṣe, eegun àgbọ̀n dín kù níbi tí iṣan rẹ̀ ti rọ, nítorí eegun náà nílò iṣẹ́ kó tó le. Lára ènìyàn, èsì àwọn olùwádìí kò tíì fẹnu kò. Ìdí tó tó ni èyí jẹ́ fún ẹni tó bá ń gbà á léraléra láti fi àyè sílẹ̀ láàárín ìgbà kan sí ìkejì, kó má sì máa gbà á ní kété tí ẹnu rẹ̀ bá ti lágbára díẹ̀.

Wọ́n ní bí ẹnu kò bá rẹni, oògùn kò jẹ́. Àwọn kan wà tí àwọn iṣan yòókù wọn gba iṣẹ́ náà débi pé wọn ò mọ ìyàtọ̀ nínú jíjẹun, síbẹ̀ ojú wọn tín-ín-rín. Dígí àti ọwọ́ dókítà ló ń sọ bí oògùn ṣe jẹ́ sí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkẹjọ.

Àmì tí kì í ṣe ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. A ti rí i pé iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sí lára àwọn tó ń gbé oúnjẹ mì. Nítorí náà, bí òkèlè tó ń sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́fun, bí omi bá ń sẹ́ ènìyàn tàbí tó ń gba imú jáde, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ó túmọ̀ sí pé oògùn ti rìn kọjá ibi tí wọ́n gún un sí. Bákan náà ni bí ohùn bá yí padà, bí ọ̀rọ̀ bá ń wọ́ lẹ́nu, bí ìpéǹpéjú bá ń wálẹ̀, bí ojú bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí èémí bá ń kúrú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Láti 2009 ni FDA ti pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ nípa èyí wà lórí ìwé gbogbo oògùn irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọsíbítù ni ọ̀nà, lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni náà sọ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, orúkọ oògùn náà àti iye tó gbà. Ìtọ́jú tó ń dí májèlé náà lọ́wọ́ wà, ó sì ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè lò ó.

Ẹ̀rín tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan wà láàárín àárẹ̀ ẹnu lásán àti àwọn àmì ewu yìí. Ó ń ṣẹlẹ̀ bí oògùn bá kan iṣan tí ń fa igun ẹnu. Kì í pa ènìyàn, ó sì máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà tó fúnni ní abẹ́rẹ́ náà rí i.

Kí ènìyàn tó gbà á

Aláboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú kò yẹ kó gbà á. Ẹni tó ní àìsàn tí ń sọ iṣan di aláìlágbára, irú bíi myasthenia gravis, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń lo gentamicin tàbí oògùn irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí agbára májèlé náà pọ̀ sí i. Ní England, láti October 1, 2021, òfin ti ka á léèwọ̀ láti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní abẹ́rẹ́ yìí nítorí ẹwà.

Ibi tí ènìyàn ti gbà á ṣe pàtàkì bíi oògùn fúnra rẹ̀. Ní 2024, àjọ ìlera CDC kéde pé àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà ṣàìsàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí wọn ò tọ́jú dáadáa. Àwọn kan gbà á nínú ilé, àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Irú ewu bẹ́ẹ̀ kò mọ Amẹ́ríkà mọ Èkó. Ẹ béèrè orúkọ oògùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìgò náà lójú yín. Ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá dókítà ni ẹni tó fẹ́ gún yín, àti ohun tí yóò ṣe bí wàhálà bá dé lóru.

Lẹ́yìn náà, kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó jẹ mọ́ oúnjẹ. Ṣé mo lè gé ẹran mi wẹ́wẹ́ fún oṣù méjì láìbínú? Ṣé ìnáwó ńlá kan kò sí níwájú mi tí mo fẹ́ jẹ àjẹyó níbẹ̀? Bí ìyàwó bá fẹ́ kí ojú òun tín-ín-rín lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó yẹ kó gbà á ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹwà ti yọ, kí agbára eyín sì ti máa padà bọ̀. Bó bá gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà, àárẹ̀ ẹnu ni yóò gbé lọ síbi àsè, ojú rẹ̀ kò sì ní tíì yí padà.

Ẹni tó bá wá pinnu láti gbà á mọ ohun tó fi ṣe pàṣípààrọ̀: agbára ìrún-oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìrísí tí òun náà wà fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹran bá sú u láti rún, kó sinmi, kó sì dúró de ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí omi bá ṣòro fún un láti gbé mì, kó má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.